Asọ̀rọ̀mágbèsì, Ta Ni Yóò Fún Ọ Lésì?

Àwọn baba wa kì í sọ nǹkan lórúkọ lásán. Nígbà tí àpótí tí ń sọ̀rọ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n wò ó títí, wọ́n sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í gba èsì. Bí ẹ kí i, kò ní dá yín lóhùn. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ tí ẹ bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, kò ní gbọ́. Lójoojúmọ́ ni a ń pe orúkọ yìí láìronú sí i. Nínú àròkọ yìí, orúkọ náà ni a ó fi ṣe àtùpà tí a ó fi wo ìtàn rédíò ìjọba ní agbègbè wa, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí lè mọ ohun tó yẹ kí ilé iṣẹ́ rédíò ṣe fún ìlú bí Ìwó, àti ohun tó yẹ kí Ìwó náà ṣe fún un.

Kí rédíò tó dé

Akéde ni rédíò àwọn baba wa. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ààfin Olúwòó jáde, akéde á mú agogo, á máa ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Bí akéde bá sọ tirẹ̀ tán, ìyá àgbà kan lè dá a dúró kí ó bi í pé, "Ọjọ́ wo lẹ wí? Ṣé ọjà Odò-Orí náà kò ní ná lọ́jọ́ náà ni?" Akéde á dáhùn. Ìbéèrè tí kò bá lè dáhùn, á gbé e padà sí ààfin. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ oṣù ààwẹ̀. Ẹni tó bá rí oṣù á tọ Lẹ́mọ́mù àti àwọn àlùfáà lọ. Wọn kò ní torí pé ó sáré wá kí wọ́n gbà á gbọ́. Wọn á bi í léèrè ibi tó ti rí i àti ẹni tí wọ́n jọ rí i. Lẹ́yìn ìbéèrè ni ìkéde tó ń wáyé.

Àpótí oníwáyà

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò oníwáyà ní Èkó. Ní ọdún 1939, ó dé Ìbàdàn. Wọn a ta wáyà láti ilé iṣẹ́ wá sí ilé onílé, wọn a so ó mọ́ àpótí kékeré kan, onílé a sì máa sanwó rẹ̀. Àpótí náà kò ṣeé yí sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni onílé yóò gbọ́, ọ̀rọ̀ tí BBC ń sọ láti Lọ́ńdọ̀nù ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ará ilé á jókòó, á gbọ́ ohun tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ní òkè òkun, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ iye tí kòkó jẹ́ ní ìlú tó kángun sí tirẹ̀.

Ní ọdún 1951, ìjọba dá ilé iṣẹ́ rédíò tòótọ́ sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ní ọdún 1957, ó di àjọ tí a mọ̀ sí Nigerian Broadcasting Corporation. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún méjèèjì yìí ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó fi hàn pé orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́ kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó fèsì

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà dàrú, àwọn mínísítà ẹgbẹ́ Action Group sì fi ipò wọn sílẹ̀. Gómìnà, Sir John Macpherson, bọ́ sórí rédíò, ó sì bẹnu àtẹ́ lu ìwà wọn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n kọ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tán nínú Awólọ́wọ̀. Nígbà tí òfin ọdún 1954 fún àwọn ẹkùn ní agbára láti ní rédíò tiwọn, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gbé ọ̀rọ̀ náà lé ọwọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1960, rédíò WNBS tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni àwọn tó gbọ́ èdè Yorùbá dénú, bíi Adébáyọ̀ Fálétí, ti ṣiṣẹ́, tí èdè wa sì fi di èdè ìròyìn tí ọmọdé àti àgbà ń dúró gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí pé wọ́n fi ìfèsì du ẹnìkan, òun náà di ohùn ẹni tó bá wà lórí àlééfà. Nígbà tí ìbò ọdún 1965 dá wàhálà sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, ẹnìkan mú ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ó ní kí wọ́n yọ téèpù ọ̀rọ̀ Olóyè Akíntọ́lá kúrò, kí wọ́n fi téèpù mìíràn sí i. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sí ilé ẹjọ́ lórí rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé òun lòun ṣe é. A kò sọ èyí láti yin ìbọn. A sọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé bí a bá dí ọ̀nà ìfèsì, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni èsì máa ń gbà yọ.

Ìwó ń gbọ́ ara rẹ̀ láti ìlú mìíràn

Nígbà tí rédíò kékeré tó ń lo bátìrì gbòde, kò sí wáyà tí a ń dúró dè mọ́. Àgbẹ̀ gbé e lọ sí oko, aláṣọ gbé e sínú ìsọ̀, àlùfáà gbé e sí ẹ̀gbẹ́ búùtà. Ṣùgbọ́n láti Ìbàdàn ni Ìwó ti ń gbọ́ ìròyìn Ìwó. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí mẹ́ta. Ìwó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, rédíò Ìbàdàn sì di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹni tó fẹ́ kéde òkú, ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù, ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ wọlé, gbogbo wọn ló mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yọ lára Ọ̀yọ́. Ilé iṣẹ́ rédíò àti amóhùnmáwòrán tirẹ̀, OSBC, wà ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo. Ohùn ìjọba wá sún mọ́ wa díẹ̀. Ní ọdún 1992, òfin kejìdínlógójì ti ìjọba ológun dá àjọ NBC sílẹ̀, ó sì ṣí ìlẹ̀kùn fún rédíò aládàáni. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé àṣẹ rédíò. Yunifásítì Bowen, tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ìwó ní ọdún 2001, ní rédíò tirẹ̀.

Ọdún 2001 yìí kan náà ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ bí èyí ti tóbi tó. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lè pe ilé iṣẹ́ rédíò nígbà tí ètò ń lọ lọ́wọ́, kí ó ní, "Ẹ̀yin ará ibẹ̀, ọ̀nà tí ẹ ní wọ́n ti ṣe yẹn, wọn kò ṣe é o." Gbogbo ìpínlẹ̀ á sì gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ náà, asọ̀rọ̀mágbèsì gba èsì.

Iṣẹ́ tí rédíò ìlú ń ṣe

Àwọn kan máa ń bi wá pé, nígbà tí ìròyìn ti wà lórí fóònù, kí ni rédíò tún wà fún? A ó dá wọn lóhùn pẹ̀lú nǹkan méjì tó kan ilé wa.

Èkíní ni oṣù ààwẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Àjọ Gíga Jùlọ fún Ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1973, Sultan Ṣókótó ló ń ṣe olórí rẹ̀, ìkéde oṣù láti ẹnu rẹ̀ sì ń dé etí wa lórí rédíò. Ìkéde kan ṣoṣo yìí ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ àríyànjiyàn, nítorí pé a mọ ẹni tó sọ ọ́, a sì mọ ibi tí a ti lè bi í léèrè. Ọ̀rọ̀ tó ń kiri orí fóònù kì í sábà ní ẹni tó ni ín.

Èkejì le ju ìyẹn lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ilé ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo dá a láre pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáábù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ aṣọ ìjọ wá sí Baptist High School ní Ìwó, àwòrán wọn sì tàn ká ayé. Àwọn tí kò mọ ọ̀nà Ìwó rí bẹ̀rẹ̀ sí í dá wa lẹ́jọ́. Ta ni ìbá sọ fún wọn pé ní Ìwó, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Mùsùlùmí kí àbúrò jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, kí wọ́n sì jọ jẹun nínú àwo kan lọ́jọ́ Iléyá? Rédíò tó mọ ilé àwọn méjèèjì nìkan ló lè pe Lẹ́mọ́mù àti pásítọ̀ jókòó sí iwájú ẹ̀rọ kan, kí òbí pè wọ́n, kí wọ́n sì dáhùn ní èdè tí gbogbo ilé gbọ́. Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ fún wa ní Súúrà Al-Hujuraat, àáyà kẹfà, pé kí a máa wádìí ìròyìn kí a tó gbé ìgbésẹ̀ lórí rẹ̀. Ìwádìí yìí gan-an ni iṣẹ́ tí rédíò ìlú wà fún.

Ta ló ń bọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Gómìnà ló ń yan àwọn ọ̀gá rédíò ìpínlẹ̀, àpò ìjọba sì ni owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jáde. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ní kí rédíò ìjọba fún gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ní àyè ọgbọọgba, ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn, àfi bí ará ìlú bá ń béèrè. Ìyà owó sì tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, àjọ NBC kéde pé òun ti gba ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ méjìléláàádọ́ta nítorí gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù méjì náírà. Rédíò àwọn ìpínlẹ̀ kan wà nínú wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n dá ìgbésẹ̀ náà dúró, ṣùgbọ́n a ti rí i pé ohùn ìlú lè dákẹ́ ní ọ̀sán gangan nítorí owó.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní ọdún 1998, àwọn ará Ada ní Gánà ṣí Radio Ada, tó ń sọ èdè Dangme tiwọn. Àwọn apẹja, àgbẹ̀ àti obìnrin ìlú náà ló ń ṣe ọ̀pọ̀ ètò rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í gba owó oṣù. Kò sí gómìnà tó ni ín. Wọ́n fi hàn pé ìlú tí kò lówó púpọ̀ lè ní ohùn tirẹ̀.

Ohun tó kù fún wa

Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé ọmọ odídẹrẹ́ ni ará Ìwó. Ẹyẹ yìí kan náà ni a ń pè ní ayékòótọ́, nítorí pé ohun tó bá gbọ́ ló ń sọ, bó bá inú onílé dùn tàbí kò bá a dùn. Odídẹrẹ́ tí a kò bá bá sọ̀rọ̀ kò ní mọ ọ̀rọ̀ kankan sọ. Bẹ́ẹ̀ ni rédíò. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbé ọ̀rọ̀ Ìwó dé Òkè-Baálẹ̀, kí ni a fẹ́ kí wọ́n sọ nípa wa?

Nítorí náà, a ń bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ pé kí ẹ má fi ètò ìfèsì sílẹ̀ fún àwọn òṣèlú nìkan. Ẹ máa pe rédíò, kí ẹ sì máa kọ lẹ́tà sí i. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ àdúgbò yín pè, ẹ sọ fún wọn. Bí wọ́n bá sọ pé omi ti dé tí kò dé, ẹ sọ pẹ̀lú ẹ̀rí, láìbú ẹnikẹ́ni. Ẹ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ kí ìtàn wọn tó bá wọn lọ, kí ẹ sì gbé e fún àwọn tó ń ṣe ètò. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fi ìròyìn orí fóònù ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó sọ ọ́.

Àwọn baba wa sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì nítorí pé bí wọ́n ṣe rí i ní ìgbà tiwọn nìyẹn. Kò di dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tiwa. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ahọ́n òdodo àti etí tó ń gbọ́, kí Ó sì fi àlàáfíà sí ìlú Ìwó. Àmín.