Ìjánu, Gàárì àti Ìró Ìbọn

Ní Ikpinlè àti ìgbèríko Adja-Ouèrè, bí inú bá ń bí ọmọ, àgbà a ní kí ó kó ara rẹ̀ ní ìjánu. Ọmọ náà lè má tíì fojú kan ẹṣin rí. Láti ayébáyé ni ẹṣin ti ṣọ̀wọ́n ní gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, nítorí eṣinṣin tsetse tó ń mu ẹ̀jẹ̀ a máa kó àrùn ràn án, àrùn náà a sì pa á.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ ló mọ ẹṣin dunjú. Ìlú wọn wà ní ọ̀dàn, níbi tí eṣinṣin náà kò ti pọ̀, òkè Ọya ni wọ́n sì ti ń ra púpọ̀ nínú ẹṣin wọn. Ìjánu ni irin tí wọ́n ń fi bọ ẹṣin lẹ́nu: bí ẹni tó gùn ún bá fa okùn rẹ̀, ẹṣin á dúró, bí ó bá fà á sí apá kan, á yà síbẹ̀. Gàárì ni kì í jẹ́ kí ó yẹ̀ lórí ẹṣin. Kẹ́sẹ́ ni wọ́n fi ń gún ẹṣin ní ìhà kí ó lè sáré.

Ṣùgbọ́n irin nìkan kò tó. Ní 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ gbógun ti Dahomey nígbà ayé Ọba Agaja. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Agaja. William Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ òkun ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1734 pé ìró ìbọn ń já àwọn ẹṣin náà láyà, débi pé wọn kò lè ya lu ọ̀tá bó ti yẹ. Ìjánu wà lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n etí wọn kò tíì mọ ariwo náà. Ọ̀yọ́ kò jáwọ́. Wọ́n ń padà wá títí Dahomey fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀.

Lónìí, ẹṣin ń jó láàárín ìlù àti kàkàkí níbi ọdún Gaani ní Nikki. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ń rìn láàárín ìlù àti ìró ìbọn lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi ariwo mọ irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ lára: láti òkèèrè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa sún un mọ́ ìlù bí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń lọ. Ẹni tó bá ń fa ìjánu tagbáratagbára yóò kàn dá kún ẹ̀rù rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ènìyàn. Pàṣán lè dá ọmọ dúró, kò lè fún un ní òye. Ilé ìwé ń fi èdè Faransé kọ́ àwọn ọmọ Ikpinlè. Bí àgbà kò bá sọ ìtumọ̀ ìjánu, gàárì àti kẹ́sẹ́ fún wọn, òwe tó wà nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yóò di àpamọ́ fún wọn. Ọjọ́ ọdún, tí tọmọdé tàgbà péjọ, ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ọdún á yabo.