Ààtàn Kún, Kọfí Dé: Bí Àgbàlá Seattle Ṣe Di Ilé Ajílẹ̀

Ààtàn ńlá méjì ni ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ń da pàǹtí rẹ̀ sí nígbà kan, méjèèjì ní ìlú Kent tó múlé tì í. Wọ́n ti Midway pa ní 1983, wọ́n ti Kent Highlands pa ní 1986, ìjọba àpapọ̀ sì kọ méjèèjì mọ́ àwọn ilẹ̀ olóró tó gbọ́dọ̀ di fífọ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní a kì í bínú ààtàn ká da ilẹ̀ sígbó. Seattle kò bínú ààtàn o. Ààtàn ló kọ Seattle: ó kún, ti Midway tilẹ̀ ń rán gáàsì gba abẹ́ ilẹ̀ wọ ilé àwọn aládùúgbò.

Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ilé tí wọn yóò ti máa sun pàǹtí. Ará ìlú yarí. Nígbà tó di 1988, wọ́n pa ìyẹn tì, wọ́n sì pinnu pé kó tó di 1998, ìdá 60 nínú 100 pàǹtí ìlú gbọ́dọ̀ di ohun àtúnlò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin dé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ewé àti koríko àgbàlá mọ́ pàǹtí. Láti 1991, ọkọ̀ ojú irin ló ń kó ìyókù lọ sí Arlington ní ìpínlẹ̀ Oregon. Nígbà tí pàǹtí bá ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin, ta ni kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó da ewé nù?

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ìfẹ́ ọgbà ló bí i. Owó àti òórùn ló bí i. Òótọ́ ni pé àwọn olùfẹ́ ọgbà ti wà nílẹ̀: láti 1973 ni ìlú ti ń pín ilẹ̀ fún ará ìlú láti fi dáko lábẹ́ ètò P-Patch, lórí oko ìdílé Picardo tí wọ́n wá láti Ítálì, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Seattle Tilth sílẹ̀ ní 1978. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ààtàn kún ni ìlú wá ní kí ẹgbẹ́ yìí jáde wá kọ́ gbogbo ayé bí a ṣe ń ṣe ajílẹ̀.

Kọfí ń bọ̀ lọ́nà tirẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù Starbucks àkọ́kọ́ ṣí ní 1971, kóró kọfí tí wọ́n ti yan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Oníbàárà á gbé e lọ sílé, èèrí rẹ̀ á sì fọ́n ká ilé ìdáná kọ̀ọ̀kan, ṣíbí díẹ̀ níbí, ṣíbí díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní 1983, Howard Schultz tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lọ sí Milan ní Ítálì, ó rí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń dúró sídìí káńtà mu espresso. Òun ló ra ilé iṣẹ́ náà ní 1987, ó sì sọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di ilé tí wọ́n ti ń mu kọfí. Bí ilé kọfí ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èèrí ń kóra jọ sójú kan, nítorí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kọfí lílọ̀ ló ń yọ́ sínú omi. Ìyókù á jókòó sínú asẹ́, á rin gbingbin, á sì wúwo.

Ní 1995 ni Starbucks bẹ̀rẹ̀ ètò Grounds for Your Garden. Wọ́n ń rọ èèrí náà padà sínú àpò tí kóró bá wá, ẹni tó bá bèèrè á sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ọlọ́gbà dùn, ẹrù pàǹtí ilé kọfí sì fúyẹ́. (Oore tí kò dun àpò olóore kì í tètè tán.)

Adìẹ ńkọ́? Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló ń lẹ ìwé kiri pé kí ilé kọ̀ọ̀kan sin àgbébọ̀ méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń gbé ibẹ̀. Nígbà tó yá, ẹyin olówó pọ́ọ́kú kún ọjà, adìẹ sì dàwátì ní ọ̀pọ̀ àgbàlá. Seattle Tilth wà lára àwọn tó tún un gbé dìde: wọ́n ń kọ́ni ní adìẹ sínsìn, wọ́n sì ń mú èrò yí ìlú ká láti wo ilé adìẹ. Ní 2010, ìgbìmọ̀ ìlú sọ adìẹ mẹ́ta tí ilé kan lè sìn di mẹ́jọ. Àkùkọ nìkan ni wọn kò fojúure wò. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tún mú tuntun wọlé.

Bí àpò èèrí kọfí, òkìtì ajílẹ̀ àti adìẹ ṣe bára wọn nínú àgbàlá kan nìyẹn, ọwọ́ sì ń yún èèyàn láti pò wọ́n pọ̀. Ọmọ Yorùbá pàápàá lè ṣì í ṣe, torí pé èèrí ògì ni a fi ń bọ́ adìẹ nílé. Ti kọfí yàtọ̀: kaféènì wà nínú rẹ̀. Ní 1819, Friedlieb Ferdinand Runge, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, yọ kaféènì jáde. Goethe, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká akéwì nì, ló kó kóró kọfí fún un pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Igi kọfí ń fi kaféènì yìí lé kòkòrò. Omi gbígbóná kì í sì í gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Èyí tó ṣẹ́kù nínú èèrí lè da ọkàn adìẹ láàmú, nítorí náà ẹni tó mọ adìẹ sìn kì í dà á sínú oúnjẹ wọn, kì í sì í fọ́n ọn sí ibi tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ walẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ ló ń lọ bá èèrí nínú òkìtì tí a ṣọgbà yí ká. Èèrí kì í lọ bá adìẹ.

Òkìtì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Linda Chalker-Scott ti Washington State University dámọ̀ràn pé kí èèrí kọfí má ju ìdá 20 nínú 100 òkìtì lọ. Òun náà ló tako ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́gbà gbà gbọ́, pé èèrí yìí máa ń sọ ilẹ̀ di kíkan: òmíràn kan díẹ̀, òmíràn kò kan rárá. Náítírójìn inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100, ti ìgbẹ́ adìẹ sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ kó ewé gbígbẹ rẹpẹtẹ tì wọ́n. Bí wọ́n bá kàn tẹ́ èèrí nìkan nípọn sórí ilẹ̀, á dì, omi á sì máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀.

Láti 2009 ni ìlú ti fi dandan lé e pé kí onílé gba garawa ìyókù oúnjẹ, tàbí kó máa ṣe ajílẹ̀ tirẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2015, wọ́n fòfin de oúnjẹ nínú pàǹtí pátápátá, èèrí kọfí sì wà lára rẹ̀. Akópàǹtí á yọjú wo garawa, á lẹ ìwé pupa mọ́ ti arúfin. Àwọn onílé kan gbé ìlú lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì dá wọn láre ní 2016 pé akópàǹtí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa tú pàǹtí ẹni wò láìní ìwé àṣẹ. Àyẹ̀wò yẹn nìkan ni adájọ́ wọ́gi lé. Òfin tó ní kí èèrí kọfí má wọ garawa pàǹtí ṣì dúró.