Ojú aago tí wọ́n fẹ́ bá mi pààrọ̀

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ná. Níbí ní Ilé-Ifẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n fọwọ́ ara mi ju ẹ̀rí ìtàn ilé wa nù.

2/ Aago àpò bàbá tó bí bàbá àgbà mi ni. Rélùwéè ni wọ́n bá ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo. Ojú rẹ̀ funfun, ó ti sán lápá kan. Alátùn-únṣe aago ní, "Ẹ jẹ́ n yọ ti àtijọ́ yìí, kí n fi oníke tuntun sí i." Mo ti fẹ́ gbà o!

3/ Mo kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n ní òyìnbó ló fún bàbá lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907. Ìtàn dùn. Ṣé òótọ́ ni?

4/ Bàbà pẹlẹbẹ ni ojú aago yẹn. Wọ́n da lẹ́búlẹ́bú gíláàsì sí i lórí, wọ́n fi sínú iná tó gbóná tó ìwọ̀n 800 Celsius, gíláàsì wá yọ́ mọ́ ọn. Tánganran ni, bíi abọ́ ìyá àgbà. Kì í ṣá, àmọ́ tó bá já lulẹ̀, á sán.

5/ Ọmọ Ifẹ̀, iná àti gíláàsì kò ṣàjèjì sí wa. Ní Igbó Olókun, Abidemi Babatunde Babalola àti ikọ̀ rẹ̀ hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì. Iṣẹ́ ọ̀rúndún 11 sí 15 ni.

6/ Kí ló dé tí nọ́ńbà rẹ̀ fi tóbi, tó dúdú? Ní 1891, ọkọ̀ ojú irin méjì forí sọra ní Kipton, Ohio, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n ní aago awakọ̀ kan ló dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n wá gbé àyẹ̀wò aago rélùwéè lé Webb C. Ball lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀, òfin le: ojú funfun, nọ́ńbà dúdú gàdàgbà, kò gbọdọ̀ ní ìdérí níwájú.

7/ Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ọdún rẹ̀:
– Tó bá ní "Nigerian Railway" lójú, kò lè ṣáájú 1912, ọdún tí wọ́n da rélùwéè Èkó pọ̀ mọ́ ti Baro sí Kano. "Corporation"? Kò lè ṣáájú 1955.
– Ojú ṣeé pààrọ̀, torí náà ẹ ṣí ẹ̀yìn. Nọ́ńbà ara ẹ̀rọ inú rẹ̀ ló ń sọ ọdún.
– Ẹsẹ̀ bàbà kéékèèké wà lẹ́yìn ojú. Tí kò bá wọ ihò rẹ̀ dáadáa, ojú àjèjì ni.

8/ Mo padà lọ, a ṣí tiwa. Waltham ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé rẹ́gí, ojú tirẹ̀ gan-an ni. Àmọ́ nọ́ńbà ẹ̀rọ gbé wa dé ìparí Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá sí 1907!

9/ Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Ó dáa náà. Bóyá owó ara rẹ̀ ló fi rà á."

10/ Ojú yẹn ṣì sán. Kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́. Ẹ lọ wo àpótí bàbá yín, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n bá yín "tún un ṣe."