Àkàbà Àwọn Ọ̀ta: Ìtàn Ìdíje Eré Ogun Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

 Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n fẹ́ràn eré orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n bi mí léèrè orúkọ tí a lè fún àtòjọ tí àwọn eléré ń gùn tí wọ́n sì ń já láti orí rẹ̀, bí wọ́n bá ti ń pa tàbí tí wọ́n ń kú. Mo ní kí wọ́n pè é ní àkàbà. Ẹni tí ó bá wù lè pè é ní àkàsọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn ju ti orúkọ lọ, nítorí pé ẹ̀yìn àkàbà yìí ni ọ̀rọ̀ ńlá kan wà: báwo ni a ṣe lè mọ ẹni tí ó mọ eré jù láàárín àwọn ènìyàn tí wọn kò rí ojú ara wọn rí?

Nídìí ọpọ́n ayò, orúkọ méjì péré ni a ní fún àwọn tí ó jókòó: ọ̀ta àti òpè. Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ ayò ta, òpè ni ẹni tí wọ́n ń pa láyò. Kò sí nọ́ńbà, kò sí ìwé. Àwọn òǹwòran tí wọ́n pagbo yí ọpọ́n ká ni ẹlẹ́rìí, ẹnu wọn náà ni ìwé àkọsílẹ̀. Ọ̀ta abẹ́ igi àdúgbò kan sì lè di òpè bí ó bá kọjá sí àdúgbò kejì. Ètò yìí tó fún àwọn tí wọ́n mọ ara wọn. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjèjì bá fẹ́ jọ ta ayò láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò ní tó mọ́.

Ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ wúlò jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Arpad Elo. Ilẹ̀ Họ́ngárì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1903, wọ́n mú un lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré, ó sì di olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Marquette ní ìlú Milwaukee. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe òpè nídìí ṣẹ́ẹ̀sì: ìgbà mẹ́jọ ni ó gba ipò kìíní ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà ti ní ètò nọ́ńbà kan tẹ́lẹ̀, èyí tí Kenneth Harkness ṣe. Ti Elo rọ́pò rẹ̀ ní 1960, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, FIDE, sì tẹ́wọ́ gbà á ní 1970.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ìṣirò náà wò díẹ̀, nítorí òun ni ó ṣì wà nídìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkàbà títí di òní. Ohun tí Elo sọ ni pé nọ́ńbà tí a fún eléré kì í ṣe ẹ̀bùn fún iṣẹ́ tí ó ti ṣe, àsọtẹ́lẹ̀ ni. Bí nọ́ńbà ènìyàn méjì bá dọ́gba, a retí pé kí wọ́n pín ayò sí méjì gbọọrọ. Bí ọ̀kan bá fi 200 ju èkejì lọ, a retí pé kí ó gba nǹkan bí 76 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá fi 400 jù ú lọ, ó yẹ kí ó gba nǹkan bí 91. Lẹ́yìn eré, a ó fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ wé ohun tí a retí, a ó sì ṣe àtúnṣe. Ká ní ohun tí a lè fi kún tàbí kí á yọ kò gbọdọ̀ ju 32 lọ. Bí àwọn tí wọ́n dọ́gba bá pàdé, ẹni tí ó pa yóò gba 16, ẹni tí ó kú yóò pàdánù 16. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó fi 400 ju ẹlòmíràn lọ bá pa onítọ̀hún, nǹkan bí 3 péré ni yóò rí gbà. Bí òpè yẹn bá sì pa á, nǹkan bí 29 ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé kò sí èrè púpọ̀ fún ọ̀ta tí ó kàn ń wá àwọn òpè pa kiri. Ní tèmi, ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí ju ti ọ̀pọ̀ ètò tí a fi ń yan akẹ́kọ̀ọ́ sí ipò ní ilé-ìwé lọ.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, àwọn onísẹ́ẹ̀sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi àkàbà sí orí rẹ̀ kí ó tó dúró dáadáa. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1992 ni Internet Chess Server bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni tí ó ní kọ̀ǹpútà tí ó so mọ́ ìsokọ́ra lè wọlé láti bá àjèjì ta. Daniel Sleator, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Carnegie Mellon, ni ó gba àbójútó rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ìṣòro tí ó bá pàdé kò sí nídìí ọpọ́n igi: ìsokọ́ra máa ń falẹ̀. Ènìyàn lè ti ronú tán, kí ó ti fọwọ́ sún ọmọ eré rẹ̀, ṣùgbọ́n kí aago rẹ̀ máa jẹ lọ nítorí pé ìròyìn náà kò tíì dé. Sleator wá ètò kan tí kò fi àkókò tí ó ṣòfò lójú ọ̀nà sí ọrùn eléré. Ní 1995 ni ibùdó náà di ti olówó. Inú bí àwọn kan tí wọ́n ti fi ọwọ́ ọ̀fẹ́ kọ́ ọ, wọ́n sì dá ti ọ̀fẹ́, FICS, sílẹ̀ ní ọdún yẹn. Ìjà orí ẹni tí ó ni ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣeré kò parí síbẹ̀, bí a ó ti rí i.

Ọjọ́ 31 oṣù Ẹ̀rẹ̀nà ọdún 1998 ni iléeṣẹ́ Blizzard ti Amẹ́ríkà gbé StarCraft jáde, ìkejì rẹ̀ tí í ṣe Brood War sì tẹ̀ lé e kí ọdún yẹn tó parí. Ẹ̀yà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: Terran, Zerg àti Protoss, agbára wọn kò sì jọra rárá. Kò dà bí ayò tàbí ṣẹ́ẹ̀sì tí ènìyàn ń dúró kí ọ̀rọ̀ kàn án. Àwọn méjèèjì ń wa ohun àlùmọ́nì, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n sì ń jagun lẹ́ẹ̀kan náà, òkùnkùn sì bo ibi tí ọ̀tá wà títí ìwọ yóò fi rán alamí lọ wò ó.

Ibùdó Battle.net tí Blizzard fi ṣe pápá eré náà ní àkàbà tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ojóró fi wọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ méjì á máa pààrọ̀ ayò: pa mí lónìí, kí n pa ọ́ lọ́la. Ẹlòmíràn á rí i pé òun fẹ́ kú, á fa okùn ìsokọ́ra yọ. Àwọn kan ní irinṣẹ́ tí ó ń tú òkùnkùn náà ká fún wọn, tí wọ́n fi ń wo ilé ọ̀tá bí ẹni ń wo awo. Ìṣirò kò mọ ìwọ̀nyí. Ohun tí a bá gbé fún un ni ó ń lọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn eléré fúnra wọn fi kọ́ àkàbà tiwọn sí ẹ̀yìn òde. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni ICCup. Wọ́n ṣe irinṣẹ́ tí ń mú alójóró, wọ́n pín ipò láti D gòkè dé A, wọ́n fi ipò kan tí wọ́n ń pè ní Olympic lé e lórí, wọ́n sì ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ní ìparí sáà kí gbogbo ènìyàn lè tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìparẹ́ yìí ṣe pàtàkì. Àkàbà tí a kò bá pa rẹ́ rí máa ń sọ ọ̀ta di ọ̀lẹ: yóò jókòó lé orí nọ́ńbà rẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni ta mọ́ kí ó má baà jábọ́.

Gúúsù Kòríà ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti di ìṣẹ́ òòjọ́. Ìṣòro ọrọ̀-ajé ńlá kọlu ilẹ̀ náà ní 1997, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn mìíràn sì fi owó tí wọ́n ní ṣí ilé tí wọ́n ń pè ní PC bang. Ìtumọ̀ bang ní èdè Kòríà ni yàrá. Yàrá kọ̀ǹpútà ni, ó jọ káfẹ́ẹ̀ tí àwa náà mọ̀ ní ìlú wa, wákàtí ni wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀. Ìjọba ń tẹ́ okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára ká ilẹ̀ náà lásìkò yẹn. StarCraft bọ́ sí àárín gbogbo rẹ̀, àpapọ̀ ẹ̀dà tí wọ́n sì tà ní Kòríà nìkan ju mílíọ̀nù 4 lọ. Àwọn yàrá wọ̀nyí dá ìdíje kéékèèké sílẹ̀, ẹni tí ó ń bá ọ ta sì lè wà ní orí àga kejì. Àjèjì inú íntánẹ́ẹ̀tì tún ti ní ojú.

Ní 1999 ni iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan tí ń fi àwòrán-ẹ̀fẹ̀ han àwọn ọmọdé, Tooniverse, gbé ìdíje StarCraft sáfẹ́fẹ́. Èsì rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ìkànnì tí ó wà fún eré nìkan sílẹ̀ ní 2000, Ongamenet, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì dá àjọ KeSPA sílẹ̀ láti máa ṣe òfin. Níhìn-ín ni a ti rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àkàbà àti ìdíje. Àkàbà ń sọ òtítọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìdíje ń sọ òtítọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀ta tí ó wà lókè àkàbà lè wá sí orí pèpéle kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n. Nítorí náà àwọn olùṣètò kò gbára lé nọ́ńbà nìkan. Nínú Starleague, ènìyàn 16 ni wọ́n ń pín sí ọ̀wọ́ mẹ́rin kí òpè má baà jáde nítorí àṣìṣe ẹ̀ẹ̀kan, eré márùn-ún sì ni wọ́n ń fi ṣe àṣekágbá, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gba mẹ́ta ni ó jàre. Wọ́n ń fi eléré sínú yàrá onígíláàsì kí ariwo òǹwòran má baà ta á lólobó. Wọ́n tún ń pààrọ̀ máàpù ní sáà dé sáà, nítorí pé bí òkè àti afárá bá wà níbi tí kò yẹ, ẹ̀yà kan á máa jẹ èkejì níyà. Ẹni tí ó bá gba Starleague lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n ń fún ní Èkúté Wúrà. Lee Yun-yeol ni ó kọ́kọ́ gbà á, ní 2006.

Lim Yo-hwan ni orúkọ tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Terran ni ó ń ṣe nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ẹ̀yà náà sí aláìlera, ó sì gba Starleague méjì léra ní 2001. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2004, àṣekágbá líìgì àwọn ẹgbẹ́ wáyé ní etí òkun Gwangalli ní ìlú Busan. Àwọn ìròyìn ìgbà náà ní òǹwòran tó 100,000. Iṣẹ́ ológun sì jẹ́ dandan fún ọkùnrin Kòríà, èyí tí ó ń gé iṣẹ́ eléré kúrú, ni iléeṣẹ́ ológun òfurufú bá dá ẹgbẹ́ StarCraft tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2007.

Èmi tí èdè jẹ́ iṣẹ́ mi kò lè fo ọ̀rọ̀ kan dá. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun ti kú á tẹ lẹ́tà méjì, gg, kí ó tó jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gé e kúrò, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé eré náà dára, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn Kòríà ó ti di ọ̀rọ̀ ìtúúbá. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á pariwo rẹ̀, gbogbo ilé á hó. Ẹni tí ó bá pa kì í kọ́kọ́ sọ ọ́, àrífín ni.

Ọdún 2010 ni àṣírí tú. Àwọn agbófinró fi hàn pé àwọn eléré kan ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn onítẹ́tẹ́ láti mọ̀ọ́mọ̀ kú. Orúkọ eléré mọ́kànlá ni KeSPA yọ kúrò nínú ìwé, Ma Jae-yoon sì wà lára wọn, ẹni tí ó ti gba Starleague, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà sí ọ̀ta gbogbo ọ̀ta ní nǹkan bí 2006 sí 2007. Ilé-ẹjọ́ dájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún kan tí wọ́n so rọ̀ fún un, pẹ̀lú iṣẹ́ ìlú. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá wọn ta lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Wọ́n fi òógùn pa ẹni tí ó ti ta ara rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó, nọ́ńbà wọn gòkè, kò sì sí ìṣirò kan tí ó lè sọ fún wọn bóyá àwọn ni wọ́n pa á lóòótọ́. Irọ́ tí a pa fún àkàbà kò mọ lára ẹni tí ó pa á. Gbogbo ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀ ni ipò wọn yẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, Blizzard àti KeSPA ń bá ara wọn fà á lórí ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ láti gbé eré náà sáfẹ́fẹ́. Ọdún 2011 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbo ti ń tú. Ìkànnì eré kejì, MBCGame, kógbá sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012, àṣekágbá Starleague tí ó kẹ́yìn nínú Brood War sì wáyé ní oṣù Ògún ọdún náà. Heo Yeong-moo, ẹlẹ́yà Protoss, ni ó gbà á.

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀ta àtijọ́ kò lọ ibì kan. Wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń ta, wọ́n ń fi han àwọn òǹwòran lórí AfreecaTV, àwọn yẹn sì ń fi owó ta wọ́n lọ́rẹ. Láti ibẹ̀ ni líìgì tuntun, ASL, ti yọ ní 2016. Blizzard sọ eré àtijọ́ náà di ọ̀fẹ́ ní 2017, ó tún un kùn ní oṣù Ògún ọdún yẹn, ó sì fi àkàbà tuntun sí i, èyí tí ó ń fúnra rẹ̀ wá ẹgbẹ́ ẹni fún ènìyàn. Ipò F ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, S ni òkè téńté. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn á tún sọ̀kalẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.