Ilé Ẹmu Nínú Ìtàn Èkó

Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó ka ilé ẹmu sí ibùjókòó ọ̀lẹ. Ìtàn Èkó kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ilé ẹmu ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣe fàájì ní àṣálẹ́. Níbẹ̀ ni orin jùjú sì ti gbèrú. Túndé King, ọmọ Sàró ní Olówógbówó, fi bánjò kọ ọ́. Ní 1936, Parlophone gbà á sínú àwo. Nígbà tí ó di 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá I. K. Dáíró, ọ̀gá olórin jùjú, lọ́lá.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ bá yà sí ilé ẹmu ní Ìbà tàbí Okokomaiko, kí ó bi àgbà tí ó bá níbẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ìtàn tí a kò kọ sílẹ̀ a máa bá àgbà wọ ilẹ̀.