Kòkó: Orírun àti Ìlò Ọ̀rọ̀ Àyálò Kan ní Ìdànrè

Iṣẹ́ kòkó gbilẹ̀ ní Ìdànrè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò ni 'kòkó'. Láti inú 'cacahuatl', ọ̀rọ̀ àwọn Nahua ní Mẹ́síkò, ni àwọn ará Sípéènì ti mú 'cacao'. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di 'cocoa'. Ìwé atúmọ̀ èdè tí Samuel Johnson ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1755 tilẹ̀ dà á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe àgbọn. Ní tiwa, ohùn ni ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Àgbẹ̀ a máa gbin kókò sáàárín kòkó kékeré kí ewé rẹ̀ lè ṣíji bò ó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ 'ó gbin koko' láìfi àmì sí i, èwo nínú méjèèjì ni ó gbìn? Kí àwa tí a ń yẹ ìdánwò wò má ṣe fojú fo àmì ohùn dá. Òun gan-an ni kókó ọ̀rọ̀.