Aṣọ Ìyàwó àti Ọwọ́ Tí Ó Ń Ṣe É

Nínú gbogbo aṣọ tí ọmọbìnrin ń wọ̀ láyé rẹ̀, kò sí èyí tí ojú ń wò tó aṣọ ìgbéyàwó. Ọjọ́ kan péré ni yóò wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹbí, ará àdúgbò àti ọ̀rẹ́ yóò máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a kì í ṣáà mú èyí tí a bá rí lọ́jà. A ń wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lọ, a ń wọn ara ìyàwó, a ń yan irú aṣọ, a ń dá ọjọ́, a sì ń san àsansílẹ̀ owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Òyìnbó ni ó mú àṣà yìí wọ ilẹ̀ wa. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Aṣọ funfun àti ọ̀nà ìgégé rẹ̀ ni Òyìnbó mú wá. Àṣà kí oníṣẹ́ ọwọ́ jókòó ṣe aṣọ nítorí ìyàwó kan ṣoṣo ti wà kí wọ́n tó dé. Ìbéèrè kan sì ń bá àṣà náà rìn láti ìran dé ìran, láti Ìsẹ́yìn dé Èkó, títí dé Ouagadougou tí í ṣe olú-ìlú Burkina Faso: owó tí a ná sí aṣọ ìyàwó, ọwọ́ ta ni ó bọ́ sí?

Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, iwájú ahunṣọ ni aṣọ ìyàwó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹbí méjèèjì bá ti fohùn ṣọ̀kan, tí wọ́n sì ti dá oṣù ìgbéyàwó, ìyá ọmọ kì í fi ọ̀ràn aṣọ falẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá mọ iṣẹ́ náà, yóò jókòó ti òfì obìnrin, èyí tí ó máa ń dúró ti ògiri ilé, yóò sì hun kíjìpá tí kì í tètè gbó. Bí agbára ilé bá gbé e, wọn yóò tún ránṣẹ́ sí àwọn ọkùnrin ahunṣọ ní ìlú bí Ìsẹ́yìn, àwọn tí ń fi òfì tiwọn hun ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 4 sí 6. Ọ̀já púpọ̀ ni a ń rán pọ̀ létí kí ó tó di ìró kan. Iye ọ̀já tí a óò lò sinmi lórí bí ìyàwó ti ga tó àti bí ara rẹ̀ ti tó. Ìwọ̀n ara nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí téèpù níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi àlùmágàjí gé aṣọ náà sí ìrísí ara.

Oríṣi mẹ́ta ni ó lókìkí jù nínú aṣọ òfì. Sányán, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn, ni a ń fi òwú tí a rí lára kòkòrò inú igbó hun. Ẹtù ni èyí tí a rẹ òwú rẹ̀ sínú aró títí ó fi dúdú bíi sánmà òru. Àlàárì ni èyí tí ó pupa. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò a máa gbé òwú pupa rẹ̀ kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà láti Tripoli, kí ó tó ti ilẹ̀ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí iye ọwọ́ tí aṣọ kan ṣoṣo ń gbà kọjá: ọwọ́ àgbẹ̀ olówùú, ọwọ́ ìyá àgbà tí ń ran òwú, ọwọ́ aláró, kí ó tó kan ahunṣọ. Nígbà tí ọmọbìnrin Ọ̀yọ́ bá dúró láti sun ẹkún ìyàwó, tí ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ baba àti ìyá, iṣẹ́ gbogbo ọwọ́ wọ̀nyí ni ó ró mọ́ra. Owó tí àwọn òbí rẹ̀ ná ti di oúnjẹ ní ilé àwọn aládùúgbò.

Aṣọ funfun ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1840, Victoria, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ Albert. Ṣáájú ìgbà náà, oríṣiríṣi àwọ̀ ni àwọn ìyàwó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọ̀. Funfun ni Victoria yàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí ni ibi tí ó ti rí aṣọ náà. Sílíìkì rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ Spitalfields ní London. Léèsì rẹ̀ sì wá láti ọwọ́ àwọn obìnrin Devon tí ń fi ọwọ́ hun irú èyí tí wọ́n ń pè ní Honiton, àwọn tí ẹ̀rọ ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ọbabìnrin náà mọ̀ pé ibi tí òun bá na ọwọ́ sí ni gbogbo ènìyàn yóò máa ná owó wọn sí. Àwọn tí ó fara wé e ní ilẹ̀ òkèèrè mú àwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n wọn kò mú ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ìtàn sọ pé ó kọ́kọ́ ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ni Aina, tí ayé mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta. Àwọn ọmọ-ogun Dahomey kó o lẹ́rú nígbà tí wọ́n kọlu Òkè-Odàn ní 1848. Ní 1850, Ọba Ghezo fi í lé ọwọ́ Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Bonetta, ẹni tí ó mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọbabìnrin Victoria gba ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́ra. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, Aina fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò tí ó fi owó ran CMS Grammar School ti Èkó lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1859. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ayàwòrán Camille Silvy ya tọkọtaya náà ní London, ìyàwó nínú aṣọ funfun tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn. Àwòrán náà wà títí di òní. Aina àti ọkọ rẹ̀ padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì fi Èkó ṣe ilé, níbi tí wọ́n ti wà lára àwọn tí àwọn onígbàgbọ́ ìlú náà ń wò kọ́ṣe.

Nígbà tí ìjọba Èkó ṣe òfin ìgbéyàwó ní 1884, èyí tí ó sọ pé ọkùnrin tí ó bá gbé ìyàwó lábẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ́ ju ẹyọ kan lọ, aṣọ funfun di àmì fún irú ìgbéyàwó náà. Àwọn olówó ń ránṣẹ́ sí London fún aṣọ, ìbòjú àti ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó ni ó ré òkun kọjá. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí CMS dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1869, àti ní àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà lára ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ̀lú, èyí tí Isaac Singer gba ìwé àṣẹ fún tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1851, wá di ohun èlò tí a ń rí ní ìlú ńlá àti ìlú kékeré. Báyìí ni iṣẹ́ télọ̀ obìnrin ṣe gbilẹ̀. Télọ̀ gba ipò tí ahunṣọ wà tẹ́lẹ̀ níwájú ìyàwó. Àgbẹ̀ olówùú, arànwú àti aláró sì di ẹni tí a kò ránṣẹ́ sí mọ́ fún aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn kan rí ewu yìí. Ní 1894, aṣáájú ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Èkó pa orúkọ rẹ̀, David Brown Vincent, tì, ó di Mojola Agbebi, ó sì ń wọ aṣọ Yorùbá nílé àti lókè òkun. Síbẹ̀ aṣọ funfun kò kúrò. Ohun tí Yorùbá ṣe ni pé wọ́n pín ọ̀ràn náà sí méjì: aṣọ òkè fún ìdána níwájú ẹbí, aṣọ funfun fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kù kí ẹnìkan so méjèèjì pọ̀. Folashade Thomas-Fahm wà lára àwọn tí ó ṣe é. Ní 1953 ni ó lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣọ ni ó padà kọ́. Ní 1960, ọdún òmìnira Nàìjíríà, ó dé Èkó, ó sì ṣí ilé aṣọ rẹ̀, Maison Shadé. Ó ń mú aṣọ òkè, àdìrẹ àti àwọn aṣọ ìbílẹ̀ mìíràn, ó ń gé wọn, ó ń rán wọn sí ìwọ̀n ara. Ó sọ ìró di síkẹ́ẹ̀tì onísíìpù, ó sì ṣe gèlè tí a ti wé sílẹ̀. Àlùmágàjí àti òfì, tí wọ́n ti ń bá ara wọn díje, wá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí tábìlì kan.

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ará Burkina Faso dojú kọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n fi dáhùn rẹ̀ yàtọ̀. Ní ilẹ̀ àwọn Mòsí, ọkùnrin ni ó ń hun aṣọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin ìjọ Àgùdà dé Ouagadougou ní 1912, wọ́n dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí àwọn ọmọbìnrin ti ń kọ́ bí a ti ń ran òwú tí a sì ń hun ẹní olówùú. Ọ̀ràn ìgbéyàwó kò jìnnà sí ibẹ̀, nítorí pé lára àwọn ọmọbìnrin tí ó sá wá sọ́dọ̀ wọn ni àwọn tí kò fẹ́ ọkọ tí ẹbí yàn fún wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1939, ìjọba Faransé ṣe òfin tí a ń fi orúkọ Mandel pè, pé a kò gbọdọ̀ so ọmọbìnrin mọ́ ọkọ bí òun fúnra rẹ̀ kò bá gbà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1983, Thomas Sankara gba ìjọba. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó yí orúkọ ilẹ̀ náà padà láti Upper Volta sí Burkina Faso. Ó rí i pé òwú ilẹ̀ náà ń lọ sí òkè òkun, ó sì ń padà wá bí aṣọ olówó gọbọi. Ó pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ Faso dan fani, aṣọ òwú tí a ń fi ọwọ́ hun nílé. Ní oṣù Keje ọdún 1987, níwájú àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní Addis Ababa, ó fi aṣọ ọrùn rẹ̀ hàn wọ́n, pé ilẹ̀ òun ni a ti gbin òwú rẹ̀, ibẹ̀ ni a ti hun ún, ibẹ̀ náà ni a ti rán an. Àṣẹ náà fún ọ̀pọ̀ obìnrin ní iṣẹ́, nítorí pé àwọn náà jókòó ti òfì. Ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Aṣọ náà wọ́n fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré. Àwọn kan ń fi ọ̀kan pamọ́ sí ibi iṣẹ́, kí wọ́n lè sáré gbé e wọ̀ bí Ààrẹ bá yọ lójijì, wọ́n sì sọ ọ́ ní "Sankara ń bọ̀". Nígbà tí wọ́n pa á ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1987, agbára tí ń ti àṣẹ náà lẹ́yìn bá a lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì pa aṣọ náà tì.

Ohun tí àṣẹ kò lè mú dúró ni ọgbọ́n ọwọ́ gbé dìde. Ọjà àgbáyé fún iṣẹ́ ọwọ́, tí a mọ̀ sí SIAO, bẹ̀rẹ̀ ní Ouagadougou ní 1988, ó sì fún àwọn ahunṣọ àti aránṣọ ní ibi tí wọ́n ti lè fi iṣẹ́ wọn han ayé. Díẹ̀díẹ̀ dan fani padà sí ibi ayẹyẹ, nítorí ẹwà rẹ̀. Òfin ẹbí ti 1989 ti fi múlẹ̀ pé iwájú aláṣẹ ìlú ni ìgbéyàwó ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti pé tọkọtaya gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara wọn gbà. Nítorí náà, ìyàwó ní ọjọ́ kan sí i tí ó ń múra fún.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyàwó kan ní àdúgbò Zone du Bois, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ńlá tí wọ́n ń pè ní Bangr-Weoogo, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Mòsí jẹ́ igbó ìmọ̀. Ó lè ra aṣọ funfun tí ilé iṣẹ́ kan ti rán sílẹ̀ ní òkèèrè. Bí ó bá sì fẹ́, ó lè mú dan fani tọ aránṣọ lọ. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Òwú aṣọ náà nípọn, etí rẹ̀ a sì máa tú bí a bá ti gé e, nítorí náà a gbọ́dọ̀ tètè dí i. Ìlà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu níbi tí a ti rán an pọ̀. Kì í sì í wálẹ̀ wẹ́rẹ́ bíi sílíìkì, nítorí náà a kò lè gé e bí a ti ń gé sílíìkì. Aránṣọ tí ó bá gbọ́n kò ní dúró di ìgbà tí aṣọ bá dé. Yóò kọ́kọ́ wọn ìyàwó, yóò tọ ahunṣọ lọ, yóò sọ ìbú àti gígùn tí ó fẹ́, àti ibi tí ìlà yóò gbà. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ìyàwó tún padà bẹ̀rẹ̀ níwájú ahunṣọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ìsẹ́yìn láyé àtijọ́.

Ìjà náà kò tíì parí. Aṣọ tí ẹ̀rọ òkèèrè fi ọ̀dà tẹ ìlà dan fani àti ti aṣọ òkè sí lára wà lọ́jà, ó sì rọjú ju ojúlówó lọ. Kò sí àṣẹ ìjọba tí yóò lé e lọ pátápátá. Ìmọ̀ ẹni tí ń rà ni yóò ṣe é. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ gbé wà. Olùkọ́ ìtàn lè rán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sí ìyá àgbà, kí wọ́n béèrè aṣọ tí ó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹni tí ó hun ún, ẹni tí ó rán an, àti iye oṣù tí wọ́n fi ṣe é. Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lè fi ojúlówó àti ayédèrú lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n yí inú aṣọ síta, kí wọ́n wò bóyá ìlà náà là á já. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà, nígbà tí ọjọ́ tirẹ̀ bá pé, yóò mọ ilé tí yóò kàn lẹ́kùn.